Ìyáálé Mi Tó Wà Nínú Àwo

Ọjọ́ Ajé, 20, oṣù kẹta, 1961
Yìnyín ti yọ́ tán lórí òrùlé ilé ìwẹ̀. Mo fi ọkọ́ kó èyí tó kù nílẹ̀. Ẹ̀yìn ń ro mí. Tsuneji ọkọ mi ṣì wà ní Tokyo nídìí iṣẹ́ kọ́ńkéré — ó ní òun ń bọ̀ kí a tó fọ́n irúgbìn ìrẹsì.

Mo gbé Ìyáálé jáde. Igi bóké ìyá ọkọ mi, igi òdòdó kúkúrú tí a ń tọ́ nínú àwo, ni mò ń pè bẹ́ẹ̀, nínú ìwé yìí nìkan. Ó wà nílé yìí kí n tó dé. Òun ni wọ́n ń kọ́kọ́ fún lómi kí èmi tó mu tíì. Ogójì ọdún nínú àwo, kò ga ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ. Igi méje láti ìdí kan ṣoṣo.

Mo bomi rin ín. Omi dúró lórí iyẹ̀pẹ̀, kò wọlẹ̀.

Ọjọ́rú, 22
Omi ṣì dúró. Gbòǹgbò ti kún àwo bámúbámú. Oṣù kẹsàn-án tó kọjá ló yẹ ká tú u ká gé gbòǹgbò rẹ̀. Ṣùgbọ́n oṣù yẹn gan-an ni ẹ̀gbà gbé Ìyá ṣubú, apá ọ̀tún rẹ̀ kú. Ìrẹsì ń dúró de ìkórè. Ọwọ́ méjì péré ni mo ní.

Ogún ọdún ni mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu Ìyá: a kì í fọwọ́ kan gbòǹgbò bóké nígbà ìrúwé. Àárín oṣù kẹsàn-án nìkan. Ẹni tó bá gé e nígbà ìrúwé, kókó ni yóò so nísàlẹ̀, kókó náà ni yóò sì pa á.

Tí mo bá fi í sílẹ̀, omi á pa á. Tí mo bá tú u, kókó lè pa á. Lè. Mo mú "lè".

Ọjọ́bọ̀, 23
Mo tú u.

Ẹ̀yìn ilé ìwẹ̀ ni, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, nígbà tí Ìyá sùn. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí a fi ń jẹun ni mo fi ń tú iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára gbòǹgbò. Mo gé ìdá kan nínú mẹ́ta. Mo dá a padà sínú àwo rẹ̀, mo sì bu iyẹ̀pẹ̀ àtijọ́ lé e lórí kó lè rí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀.

Ó yẹ kí n sun èyí tí mo gé. Mo wò wọ́n — wọ́n tóbi tó lẹ́ẹ̀dì, wọ́n tutù yọ̀yọ̀. Ọwọ́ mi kò gbà. Mo gé wọn ní gígùn ìka kọ̀ọ̀kan, mẹ́tàlá, mo gbìn wọ́n sínú àpótí pákó tí wọ́n fi ń kó ẹja. Mo tì í sábẹ́ ìgbátí òrùlé níbẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í dé.

Nídìí ẹ̀kọ ìrẹsì alẹ́, Ìyá bi mí: "Bóké mi ńkọ́?"
Mo ní ó wà dáadáa.
"O ò fọwọ́ kàn án?"
Mo ní àwo rẹ̀ nìkan ni mo nù.

Ọjọ́ Àìkú, 9, oṣù kẹrin
Ó tanná. Pupa bí ẹ̀jẹ̀. Ìyá ní kí n já gbogbo rẹ̀. "Òdòdó ló ń jẹ igi. Já a kí ìdí lè sanra." Bó ti máa ń ṣe nìyẹn láti ogójì ọdún. Mo já a sínú abọ́: mẹ́rìndínláàádọ́jọ. Ó gba abọ́ náà, ó gbé e lé itan títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọjọ́rú, 24, oṣù karùn-ún
Tsuneji ti dé. A ń lọ́ ìrẹsì. Ó ní mo ti gbó. Mo ní kì í ṣe ọdún ló gbó mi, yìnyín tí èmi nìkan ń kó ni.

Ọjọ́bọ̀, 8, oṣù kẹfà
Àpótí ẹja: mọ́kànlá ti yọ èéhù. Méjì kò yọ.

Ọjọ́ Àìkú, 30, oṣù keje
Ọ̀kan nínú igi méje Ìyáálé, ewé rẹ̀ pọ́n. Mo já àwọn tó pọ́n kí Ìyá tó jí.

Ọjọ́ Àìkú, 13, oṣù kẹjọ
Ọdún àwọn baba ńlá ti dé: àwọn òkú ilé ń bọ̀ wá kí wa lónìí. Mo tún já ewé.

Ọjọ́bọ̀, 7, oṣù kẹsàn-án
Ìyá ti lè jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún la ó tú bóké. Tsuneji ní òun á bá a ṣe é. Ìyá ní: "Ìwọ? Ọwọ́ tó ń po kọ́ńkéré? Jókòó jẹ́ẹ́. Kiyono ìyàwó rẹ ni yóò ṣe é, èmi á máa wò ó."

Ọjọ́ Ẹtì, 15
Kókó. Ọ̀kan lábẹ́ ọrùn igi, ó tó ìkúùkù ọmọdé. Àwọn kéékèèké yí gbogbo gbòǹgbò ká bí ẹ̀wà.

Ìyá ní kí n gbé e wá. Ó fi ọwọ́ òsì tó kù fún un yẹ̀ ẹ́ wò. Ó pẹ́.

"Ogójì ọdún, mi ò rí èyí rí." Lẹ́yìn náà: "Èmi ni. Èmi tí mo ṣubú nígbà tó yẹ kí n tú u. Àìsàn mi ló pa á."

Mo nu iyẹ̀pẹ̀ kúrò ní ìka rẹ̀.

Ó ní kí n sun ún, kí n se àlùmọ́gàjí àti àwo nínú omi gbígbóná. Mo sun ún. Igi ogójì ọdún, kò jó tó ìwọ̀n ìgbà tí omi tíì fi ń hó.

Ọjọ́ Àìkú, 17
Ìyá kò jẹun. Tsuneji ní, "Ìyá, igi lásán ni, a ó ra òmíì." Ìyá dá a lóhùn, "Ra ìyá míì mọ́ ọn."

Àpótí ẹja wà lẹ́yìn ilé. Mọ́kànlá, èéhù wọn ti gùn tó ṣíbí. Ọmọ Ìyáálé ni wọ́n, ẹ̀jẹ̀ kan náà. Ṣùgbọ́n tí mo bá gbé wọn jáde, wọn á fi ẹnu ara wọn sọ oṣù tí mo gé wọn. Tí mi ò bá gbé wọn jáde, ilé á dákẹ́ rọ́rọ́, obìnrin yẹn á sì máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi títí yóò fi kú.

Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mo mọ ìṣirò. Mo ṣe ìṣirò èyí lẹ́ẹ̀mẹta, kò yọrí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19
Mo gbé àpótí náà síwájú rẹ̀.

Ó gbé èéhù kan sókè, ó ń fi àtàǹpàkò ka oríkèé rẹ̀. "Ìgbà ìrúwé."
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá.
"Oṣù kẹta."
Bẹ́ẹ̀ ni. Mo sọ gbogbo rẹ̀, omi tó dúró, ọ̀sán yẹn, àwọn ewé.
"O purọ́ fún mi fún oṣù mẹ́fà."
Bẹ́ẹ̀ ni.
"Fún ọjọ́ mẹ́rin o ń wò mí bí mo ṣe ń bú ara mi."
Bẹ́ẹ̀ ni.

Ó wo àpótí. "Mẹ́tàlá lo gbìn. Méjì yẹn, o dorí wọn kodò." Lẹ́yìn náà: "Tú gbogbo wọn."

Tsuneji pọn omi wá. Mò ń fọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mò ń gbé wọn sí ọwọ́ òsì rẹ̀. Ó dijú, ó ń fi ìka wá kókó kiri. Èkíní mọ́. Èkejì mọ́. Èkeje — ó nà án sí mi láìlajú: "Iná." Ẹ̀kẹwàá, iná.

Mẹ́sàn-án ló kù.

Ọjọ́rú, 20
Mo fi iyẹ̀pẹ̀ tuntun gbin mẹ́jọ. Ó ní kí n gbin ẹ̀kẹsàn-án sínú àwo Ìyáálé tí a ti sè. Èéhù bí ìka kan nínú àwo ńlá yẹn. Tsuneji ní ó dà bí ọmọdé tó wọ ẹ̀wù bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì wọ́ sápá kan.

"Ìyẹn ni tèmi. Tó bá tanná, ẹ ò gbọ́dọ̀ já a. Mo fẹ́ wò ó."

Mo bi í pé àwọn mẹ́jọ yòókù ńkọ́.

"Ìyẹn ni tìrẹ. Máa já tiwọn."

Fún ọdún mélòó?

"Èmi já a fún ogójì."

Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni mí. Mo fọ ọwọ́ mi. Lọ́la ni ìkórè ìrẹsì bẹ̀rẹ̀. Kí n tó lọ sí oko, mo ní láti bomi rin mẹ́sàn-án.