Bùsọ́lá, Nípa Àwọn Àgbà Méjì Inú Eré Rẹ

Ilé Pius Ọlọ́runtóyìn,
Ajue, lọ́nà Odigbo.

Olúwabùsọ́lá, ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́, mo kí Èkó tó gbà ọ́ sílé. Ṣé ara le? Ṣé o ń jẹun kí o tó jáde láàárọ̀? Ọlọ́run tí à ń pè lórí rẹ ní ilé àdúrà kò ní jẹ́ kí a fi ẹkún pè é. Gbogbo wa wà ní àlàáfíà, ìyá rẹ kí ọ, kòkó ń so, òjò sì ti sọ ọ̀nà Odigbo di ẹrẹ̀ débi pé ọlọ́kadà kan gbé mi dé ìdajì ọ̀nà, ó ní kí n sọ̀ kalẹ̀ kí n bá òun ti ọ̀kadà náà, nígbà tí a dé ó tún gba owó rẹ̀ pé.

Ọ̀rọ̀ eré rẹ ni mo fẹ́ sọ. Nígbà tí o sọ fún wa pé iṣẹ́ rẹ ni kí o máa kọ ohun tí àwọn èèyàn máa sọ nínú tẹlifísọ̀n, mo rò pé àwọn tí kò mọ ọ̀rọ̀ sọ ni o ń ràn lọ́wọ́, mo sì dúpẹ́ pé mo bí aláàánú. Ní báyìí tí mo ti ń wò ó ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, mo ní ìbéèrè. Àwọn wo ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn tí a kì í rí wọn? Wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín kí ọ̀rọ̀ tó yé mi. Bá mi sọ fún wọn kí wọ́n máa dúró de àwa ará oko. Ìyàwó Bàbá Abraham inú eré yẹn ńkọ́? Obìnrin pupa tó sanra ni a mọ̀ títí di oṣù tó kọjá, àfi bí obìnrin dúdú tín-ín-rín kan ṣe gbé oúnjẹ jáde láti ilé ìdáná, Bàbá Abraham sì jẹun, kò bi í pé ta ni ọ́. Mo ní ọkùnrin yẹn ti fẹ́ ìyàwó kejì. Ìyá rẹ ní bóyá èyí àkọ́kọ́ ló rí iṣẹ́ míì. Ta ló ń fi ipò ìyàwó sílẹ̀ lọ gba iṣẹ́ míì?

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, owó dikódà wa tán. Àwòrán lọ, ìwé òyìnbó jáde lójú rẹ̀, ìyá rẹ kà á pé wọ́n ní kí a sanwó. Mo jókòó tì í fún wákàtí kan kó lè rí i pé àgbàlagbà ló ń bá lò, síbẹ̀ kò yí ọkàn padà. Ni mo bá lọ sí ṣọ́ọ̀bù Loveth onídìrí, níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn Ajue ti ń wò ó. Ta ni mo bá níbẹ̀ bí kò ṣe Zachariah aládùúgbò wa! O mọ̀ pé ọdún márùn-ún ni a kò ti bá ara wa sọ̀rọ̀, láti ìgbà tó ti yá pọ́ńpù tí mo fi ń fín kòkó, tó dá a padà láìsí ẹnu rẹ̀ tí oògùn ń gbà jáde. Mo jókòó sápá ọ̀tún, ó jókòó sápá òsì.

Ni Bàbá Abraham bá bọ́ síta nínú tẹlifísọ̀n, ó ń bínú pé Bàbá Tóbi aládùúgbò òun yá bárò òun, ó dá a padà láìsí táyà. Wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀, ògiri ni wọ́n ń bá sọ ọ́ kí ẹnì kejì lè gbọ́. Bùsọ́lá, gbogbo ṣọ́ọ̀bù kẹ̀yìn sí tẹlifísọ̀n, àwa ni wọ́n ń wò. Obìnrin tí wọ́n ń dirí fún já bọ́ lórí àga. N kò mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín, nítorí n kò bá ògiri sọ̀rọ̀ rí láyé mi. Igi àgbálùmọ̀ ni mo máa ń bá sọ̀rọ̀, torí ẹ̀yìn ilé Zachariah ló wà.

Mo dìde, Zachariah náà dìde, a jọ há sẹ́nu ọ̀nà. A dé ìta, ó ní Pius, ọmọ rẹ ti tú wa fó. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá mi sọ láti ọdún márùn-ún nìyẹn. Inú rẹ ń bí mi débi pé mo dá a lóhùn kí n tó rántí pé à ń jà.

Bí a ṣe jọ wá sílé láti kọ ẹ̀sùn sí ọ nìyẹn. Zachariah ní ẹni tó ń ṣe òun nínú eré kò ga tó òun. Mo ní tèmi kò léyín níwájú, èmi sì ní, àfi mẹ́ta. Ó ní ìyẹn kò jìnnà sí òótọ́, ìjà fẹ́rẹ̀ẹ́ tún bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n a fẹnu kò pé bárò kì í ṣe ohun tí àgbàlagbà ń torí rẹ̀ di kùnrùn sínú, pọ́ńpù ló tó bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ gbé iyán sínú abọ́ kan ṣoṣo fún àwa méjèèjì, ó padà sí ilé ìdáná, mo ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. Ìwé kò tíì parí tí Ọjọ́bọ̀ míì fi dé. Mo lọ sanwó dikódà, Zachariah sì ní òun yóò wá wò ó lọ́dọ̀ wa kí ẹ̀sùn lè péye.

Ọjọ́ yẹn ni Bàbá Tóbi ṣàìsàn, tí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Bàbá Abraham gbọ́. Nígbà tó yá, ó ra ọsàn, ó wọkọ̀, ó dé ẹnu géètì ọsibítù, ó dúró. Ó dúró pẹ́. Ó wá yí padà, ó gbé ọsàn rẹ̀ wálé. Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn kò rẹ́rìn-ín rárá.

Bùsọ́lá, ta ló sọ fún ọ? Lọ́dún tó kọjá tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ìpá fún Zachariah ní Ore, n kò sọ ibi tí mo lọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo bi ìyá rẹ, ẹ̀wà ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà, bẹ́ẹ̀ a kò fẹ́ se ẹ̀wà.

Zachariah kò wo tẹlifísọ̀n mọ́. Ó bi mí bóyá òótọ́ ni. Mo ní irọ́ ni, kí ni ọmọdé mọ̀. Ó yí àga rẹ̀ kojú sí mi. Mo wá ní ọsàn kọ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ni. Ó ní ó tó mélòó? Mo ní ọwọ́ méjì. Ó ní gbogbo ọjọ́ mẹ́fà tí òun fi wà lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, ẹnu ọ̀nà ni òun ń wò, ó sì yẹ kí n wọlé. Mo ní mo mọ̀.

A ti ya ìwé ẹ̀sùn yẹn. Ẹ̀bẹ̀ ni mo ń kọ báyìí. Loveth ní bí arúgbó bá ti dé ọsibítù nínú eré, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ọ́ máa ń pa á kí àwọn èèyàn lè sunkún. Bùsọ́lá, má pa Bàbá Tóbi. Zachariah ní kò kan òun, pé eré lásán ni, ṣùgbọ́n ó ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ yìí bóyá mo ti kọ ọ́ dé ibẹ̀. Bó bá jẹ́ owó oògùn Bàbá Tóbi ni kò tó, fi tó wa létí, a óò ta kòkó díẹ̀. Kí o sì jẹ́ kí Bàbá Abraham padà lọ, kí ó wọlé lọ́tẹ̀ yìí.

Jọ̀wọ́, fi owó dikódà ránṣẹ́ kí Ọjọ́bọ̀ tó dé, torí àwa méjèèjì kò lè lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù Loveth fún irú ọ̀rọ̀ yìí. Ọlọ́run tó fún ọ ní ọwọ́ tí o fi ń kọ̀wé yóò dá ọwọ́ náà sí. Ilé tí o bá wọ̀, ayọ̀ ni wọn yóò fi gbà ọ́, o kò ní dúró síta.

Èmi bàbá rẹ,
Pius.