Ṣúgà Tí Mò Ń Lá Ní Lọ́ńdọ̀nù

Lọ́ńdọ̀nù, oṣù kẹta, 1996

Bọ̀ọ̀dá Nehemiah,

Lẹ́tà yín láti Iléṣà tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ẹ ní mo ti gbàgbé ilé, mo jókòó sí Lọ́ńdọ̀nù, mò ń lá ṣúgà. Òótọ́ lẹ sọ. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo gbààwẹ̀ di ọ̀sán, wọ́n wá fi abẹ́rẹ́ fa ṣúgà náà sí mi lápá nílé ìwòsàn. Ẹ má dààmú, wọ́n kàn fẹ́ dán ẹ̀rọ wọn wò ni.

Ṣúgà yẹn kì í ṣe ti inú tíì, ó ń tú èérún kan jáde tí wọ́n ń pè ní pọ́sítírọ́ọ̀nù. Òun àti ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó wà lára gbogbo wa jọra bí ọmọ ìyá, ṣùgbọ́n òdì ni wọ́n jẹ́ síra wọn. Bí wọ́n bá pàdé, àwọn méjèèjì á parẹ́. Ìtànṣán méjì á ta jáde, ọ̀kan síhìn-ín, ìkejì sọ́hùn-ún. Ẹ̀rọ tó yí mi ká á gbá méjèèjì mú, á fi mọ ibi tí wọ́n ti pàdé. Ibi tí àrùn tí wọ́n ń wá bá wà ló máa ń jẹ ṣúgà jù. Nínú àwòrán tèmi, ibi mẹ́ta ló tàn. Ẹ̀rọ wọn dára gan-an.

Ní ti èmi àti ẹ̀yin, ó dáa bí òkun ṣe wà láàárín wa.

Ẹ bá mi kí Màmá, ẹ ní mo sanra. Ẹ kí Phebe ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ní ẹ̀ ń kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè Bàbá, ẹ dá àwọn bíríkìlà dúró. Ilẹ̀ tó kù níbẹ̀ ò gbà ju èèyàn kan lọ, ẹ ò sì ní ṣáájú mi débẹ̀.

Àbúrò yín,
Micah