Ogún Tí Elisha Jù

Elisha ọmọ mi,

Okun o. O kú iṣẹ́ ìwé, o kú oòrùn Lokoja, o kú ìnáwó ojoojúmọ́. Ọlọ́run tó ń mú ọ gba ojú ọ̀nà Kàbà kọjá láìfarapa kò ní fi ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tó ń wá ìṣubú rẹ, ì báà jẹ́ ọ̀tá tó wà níta, ì báà jẹ́ ọ̀rẹ́ tó ń jókòó sí yàrá rẹ. Ọ̀rẹ́ tó ń jókòó sí yàrá rẹ ni mo ń tẹnu mọ́. Àmín ní orúkọ Jésù.

Goodness àbúrò rẹ ló ń bá mi kọ ọ́. Èmi ń sọ, òun ń kọ, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kó má fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún un.

(Bọ̀dá mi, èmi Goodness nìyí. Ibi tí ẹ bá ti rí àmì báyìí, tèmi ni, Màmá ò mọ̀. Inú mi ò dùn lónìí, ẹ má bèèrè ìdí. Láti ìgbà tí mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀ ní SS1, lẹ́tà nìkan ni wọ́n ń rí mi rán, bí ẹni pé ọwọ́ nìkan ni mo ní, n ò lẹ́nu.)

Ilé tòrò. Òjò ti ń rọ̀, iṣu ti ń yọ, ewúrẹ́ wa bí méjì, ọ̀kan jọ ìyá rẹ̀, èkejì jọ òbúkọ Diákónì ìjọ wa, mo sì ti lọ sọ fún Diákónì, ó ní òbúkọ òun kì í jáde nílé. Mo ní ó dáa, a ó máa wò ó. Fóònù tí o rà fún mi náà wà ní àlàáfíà, àmọ́ ó kọ nǹkan kan síta lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Goodness kà á fún mi pé ó ní inú òun ti kún. Mo ní kí ló jẹ? Iná nìkan ni mo fún un. Ẹnì kan ló ń bọ́ ọ lẹ́yìn mi. Mo ti ń tì í mọ́ inú àpótí báyìí.

Ọ̀rọ̀ tó gbé mi dé ìdí lẹ́tà nìyí. O ti ń pè mí láti ọjọ́ tí mo ti kúrò ní yàrá rẹ, mi ò sì gbé e, torí ẹni tó bá ní irọ́ láti pa, fóònù ló rọrùn jù fún un. Ìwé ni mo fẹ́, kí n lè sọ ohun tí etí mi gbọ́ láìsí pé ẹnì kan já lu ọ̀rọ̀ mi.

Ọjọ́ Sátidé tí mo wá, mi ò sọ fún ọ ṣáájú, torí ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọmọ òun ṣe ń gbé kì í ránṣẹ́ ṣíwájú. Mo ru iṣu, mo di gàrí, mo wọ mọ́tò dé páàkì, kẹ̀kẹ́ gbé mi dé Adankolo, mo sì rọra rìn dé ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ. Bí mo ṣe fẹ́ kan ilẹ̀kùn ni mo gbọ́ ohùn Bàsítì ọ̀rẹ́ rẹ, tó ní àwọn ọ̀tá ti yí yín ká nínú ihò, kí lẹ fẹ́ ṣe. Mo dúró. Ọmọbìnrin kan, tí mo wá mọ̀ lẹ́yìn pé Huda ló ń jẹ́, ní òun fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn irin. Bàsítì ní kó jù ú ná, kí àwọn wò ó bóyá yóò ṣí. Mo ní nínú ara mi pé irú ilé wo rèé, tí èèyàn á kọ́kọ́ ju nǹkan kó tó ṣílẹ̀kùn? Nílé tiwa, ọwọ́ la fi ń ṣí i.

Lẹ́yìn náà ló kàn ọ́. Nǹkan kan yí gbirigbiri lórí tábìlì, lo bá pariwo, ìwọ ọmọ tí mo bí, pé ogún, mo ju ogún, ẹ wò ó, ogún ni mo jù! Àwọn yòókù bú sáyọ̀, wọ́n ń lu tábìlì.

Elisha, iṣu bọ́ lórí mi. Ogún wo lo jù? Ogún mélòó ni bàbá rẹ fi sílẹ̀? Ilẹ̀ Karaworo yẹn náà ni, èyí tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́ tà kí a tó ṣe ìsìnkú tán, tí mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà wọn títí wọ́n fi kó ìwé rẹ̀ lé ọ lọ́wọ́. Ọwọ́ rẹ ni ìwé náà wà. Ìwọ wá jù ú, àwọn èèyàn sì ń pàtẹ́wọ́ fún ọ!

Bí mo ṣe wọlé ni o fò dìde, o ní Màmá, ẹ jókòó, kì í ṣe ogún tí ẹ rò, ogún inú nọ́ńbà ni, mẹ́wàá lọ́nà méjì, dáìsì yìí ló ní ojú ogún. Mo ní irọ́ ni. Láti kékeré ni mo ti ń ta lúdò, ojú mẹ́fà ni dáìsì ní. Ta ló fi ojú mẹ́rìnlá kún un, kí sì ni gbogbo ojú yẹn ń wò? Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara yín. Bàsítì tiẹ̀ gbé páálí kan dúró síwájú ara rẹ̀, ó ń fi nǹkan pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ó ní òun ni ọ̀gá eré, òun ló ń sọ ìtàn, àwọn yòókù kò gbọdọ̀ rí ohun tó wà níbẹ̀. Ẹni tó ń sọ òtítọ́ kì í sá sẹ́yìn páálí. Ìdí tí mo ṣe kó gbogbo dáìsì yín sínú gèlè mi nìyẹn, tí mo dì í ní kókó, tí mo sì jáde. Iṣu yẹn, ẹ jẹ ẹ́, mi ò bá iṣu jà.

Karaworo ni mo gbà lọ tààrà. Ilẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, kò sí búlọ́ọ̀kù, kò sí ẹni tó ń wọ̀n ọ́n, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀, torí ilẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ bí wọ́n bá tà á. Mo tọrọ igi ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ Àdùkẹ́ tó ń gbé ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, mo sì gbìn ín láti igun dé igun. Ẹni tó bá sọ pé òun jẹ ilẹ̀ yẹn lórí tábìlì, kó kọ́kọ́ wá wú ẹ̀gẹ́ mi. Àdùkẹ́ ní ṣé láti abúlé ni n óò ti máa wá ro ó. Mo ní kó ṣáà máa bá mi wò ó, kó má sì bá ẹnikẹ́ni tó ní ojú ogún sọ̀rọ̀.

Láti ibẹ̀ mo lọ sí ìtòsí Paparanda, sọ́dọ̀ ìyá Bàsítì, Mùsílímátù tó ń ta àǹkárá, kí èmi àti ẹ̀ lè jọ sunkún. Ará Ìlọrin ni wọ́n, wọ́n ti pẹ́ ní Lokoja, mo sì rò pé yóò bá mi mú ọ̀rọ̀ náà le. Obìnrin yìí rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní Ìyá Elisha, ẹ fọkàn balẹ̀, ọmọ mi ti pa èmi fúnra mi lẹ́ẹ̀mejì nínú eré yẹn. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ní mo jìn sí kòtò. Lẹ́ẹ̀kejì, ó ní ejò ló gbé mi mì, torí pé oókan ni mo jù. Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bóyá ó kan ilẹ̀. Ó kàn án. Ó tiẹ̀ fún mi ní omi tútù, mo gbà á, mi ò mu ún.

Nígbà tí mo délé, mo da dáìsì sórí ẹní, èmi àti Goodness tẹjú mọ́ wọn. Ọ̀kan lójú mẹ́rin, ó ṣóńṣó lórí bí òkìtì ẹ̀pà, bí o bá jù ú kì í yí, ó kàn ń jókòó bí ọmọ tó ń ṣe àgídí. Olójú mẹ́fà wà níbẹ̀, èyí tí mo mọ̀, mo kí i. Olójú mẹ́jọ wà, olójú mẹ́wàá jẹ́ méjì, olójú méjìlá wà, àti olójú ogún tó dá ìjà sílẹ̀, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ rí róbótó. Ọ̀kan nínú àwọn olójú mẹ́wàá ní òdo méjì ní ojú kan. Ta ni yóò ju nǹkan kó lè gba òdo?

(Mo ti ṣàlàyé fún wọn bí ẹ ṣe ṣàlàyé fún mi lórí fóònù ọ̀rẹ́ mi, pé ẹni tó bá fẹ́ ṣe nǹkan ló ń ju olójú ogún, bí nọ́ńbà bá pọ̀, ó ṣe é, bí ó bá kéré, kò ṣe é. Àwọn yòókù ló ń sọ bí ìpalára ṣe pọ̀ tó. Ọ̀bẹ ń lo olójú mẹ́rin, òòlù ń lo olójú mẹ́jọ, àáké ńlá ń lo olójú méjìlá. Àwọn olójú mẹ́wàá méjèèjì, ọ̀kan ń ka ẹẹ́wàá-ẹẹ́wàá, èkejì ń ka oókan-oókan, wọ́n á jù wọ́n pọ̀ bí wọ́n bá fẹ́ kà dé ọgọ́rùn-ún. Màmá ní kí ló dé tí ọ̀bẹ fi kéré sí àáké, ṣé n ò tíì rí ibi tí ọ̀bẹ ti gé èèyàn ni. Kò sí ẹni tó ń borí Màmá.)

Diákónì ní kí n rì wọ́n sínú omi iyọ̀, pé ohun tí kò bá mọ́ kò ní lè fara pamọ́ síbẹ̀. Mo bu iyọ̀ púpọ̀ sí i. Elisha, wọ́n léfòó! Òkúta kì í léfòó. Goodness ní ike ni wọ́n, pé ẹyin náà máa ń léfòó nínú omi iyọ̀. Mo ní ẹyin ní ẹ̀mí nínú, kí ni dáìsì ní nínú? Mo wá yọ olójú ogún, mo nù ún gbẹ, mo jù ú títí apá fi ro mí, ogún kò jáde. Méje, mẹ́ta, oókan, mọ́kànlá, oókan. Ìwọ jù ú lẹ́ẹ̀kan, ogún jáde. Kí lo fi pa á lára?

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí mi ò tíì sọ. Kí o tó ju ogún yẹn, mo gbọ́ orúkọ bàbá rẹ. Bàsítì ní Alfred ti ṣubú lulẹ̀, ẹ̀mí rẹ̀ ń jáde lọ, bí o bá ju kékeré, ó parí. Mo rò pé etí mi ló ń dún. Lẹ́yìn tí o pariwo ogún, Huda ní Alfred ti dìde, Alfred ti dìde! Bàbá rẹ tí èmi fúnra mi da iyẹ̀pẹ̀ sí lára. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé ọmọ mi ti gbé ilẹ̀ bàbá rẹ̀ fún àwọn kan, kí wọ́n lè bá a jí òkú. Mi ò lè sọ ọ́ fún Àdùkẹ́, mi ò lè sọ ọ́ fún Mùsílímátù.

(Lánàá ni wọ́n tó sọ ọ́ fún mi. Mo wá ṣàlàyé pé ẹni kọ̀ọ̀kan nínú eré náà ló ní èèyàn kan tó ń darí, pé ẹ̀yin lẹ sọ tiyín ní Alfred, pé bíríkìlà ni bíi Bàbá, òòlù ló fi ń jà, ogún tí ẹ jù ló gbé e dìde. Màmá wá bi mí bóyá Alfred inú eré náà ń wúkọ́ bíi ti Bàbá. Mo ní n ò mọ̀. Mo lọ sẹ́yìnkùlé lọ sunkún. Ìdí tí inú mi ò fi dùn nìyẹn, mo ti sọ ọ́. Ẹ ò sọ fún mi pé èmi náà lè ní èèyàn kan níbẹ̀.)

Mi ò sọ pé mo gbà ọ́ gbọ́ o. Sátidé tó ń bọ̀, èmi àti Goodness ń bọ̀ ní Adankolo, kí o gbé ìwé ilẹ̀ Karaworo sórí tábìlì, kí n fi ojú ara mi rí i kí n tó jókòó. Sọ fún Bàsítì kó gbé páálí rẹ̀ kúrò. Fi owó mọ́tò àwa méjèèjì ránṣẹ́, àti ti oògùn ẹsẹ̀ mi, kí o sì fi díẹ̀ lé e, torí ọmọbìnrin tó ń ṣe POS níbí máa ń gé lára owó mi kó tó fún mi, ó ní báńkì ló ní kí òun gé e. Mo ní kó pe báńkì náà wá kí èmi àti ẹ̀ sọ̀rọ̀, kò pè é.

Ọlọ́run yóò tọ́jú rẹ. Ohun tí ẹ̀mí bàbá rẹ kò gùn tó láti jẹ, wàá jẹ ẹ́, wàá sì fún ọmọ rẹ jẹ. Ibi tí agbára rẹ kò bá dé, ojú rere yóò bá ọ débẹ̀. Àmín.

Dáìsì yín wà lọ́wọ́ mi, àmọ́ mo mọ̀ pé Bàsítì kò ní ṣàìní òmíràn. Bí Alfred bá tún ṣubú kí n tó dé, kí ẹnikẹ́ni má jù fún un. Kó dùbúlẹ̀ dè mí. Èmi ni màá jù.

Èmi ni ìyá rẹ,
Patricia, aya Alfred