Díákónì Ní Ọlọ́run Ni Ọkọ Mi

Bọ̀dá Amos,

Ẹ kú àjò o. Mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Orúnkún Màmá ti fúyẹ́, wọ́n tún ti ń lọ sóko.

Àmọ́ inú ń bí mi. Àlàní tí mo kọ́ níṣẹ́ tíṣà ti di ọ̀gá ní ẹ̀ka ilé-ẹ̀kọ́ wa ní Fìdítì. Owó oṣù rẹ̀ ju tèmi lọ fíìfíì, èmi tí mo jẹ́ ọ̀gá ti Ìlọrà! Mo bi Díákónì tó ni ilé-ẹ̀kọ́ léèrè. Wọ́n ní ọkùnrin ló ń gbọ́ bùkátà ilé. Mo ní, "Díákónì, ṣebí ẹ̀yin lẹ gbàdúrà nígbà tí a sin ọkọ mi?" Wọ́n ní, "Ọlọ́run ni ọkọ opó."

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pè wọ́n lórí fóònù. Ohùn ọkùnrin nìkan ni etí wọn ń gbọ́.

Àbúrò yín,
Josephine