Ẹja Tí Mo Pa Lórí Afárá, Àti Òpó Tí Mo Bá Jà

Àǹtí mi ọ̀wọ́n,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú lẹ́tà yìí, ẹ ṣáà máa rò ó pé mo ṣì wà nílẹ̀ títí ẹ ó fi kà á tán. Ṣé ara yín le? Ṣé ikọ́ yẹn ti lọ? Ọkọ yín ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, àti ewúrẹ́ yín olójúkòkòrò tó jẹ ṣòkòtò mi lẹ́sẹ̀ kan? Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká gbọ́ ìròyìn tó máa ká wa lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Tèmi, koko ni ara mi le bí ara ọta.

Ẹ má wo ti ìkọ̀wé mi tó rí wágunwàgun. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìwé mẹ́fà ni mo kà, ọdún méjì ni mo sì fi ka ìkẹrin nínú wọn. Tó bá jẹ́ fóònù mi wà lọ́wọ́ ni, mi ò ní dà yín láàmú. Inú òkun ni fóònù wà báyìí. Ìdí tẹ́ ẹ fi ń pè tí kò wọlé nìyẹn. Bó ṣe débẹ̀, ẹ máa bá a níwájú.

Ìròyìn tó ṣe kókó ni pé mo ti rí ìyàwó. Ẹ jókòó dáadáa. Télọ̀ ni, ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ wà ní òpópónà kẹta sí ibùdókọ̀ tí mo ti ń ta ìbòrí fóònù àti dígí dúdú. Mo gbé ṣòkòtò lọ kó bá mi gbà á wọlé. Ó fi téèpù yí mi nídìí, ó ní, "Bọ̀dá, ìdí kankan ò sí níbí o, afẹ́fẹ́ ni mò ń wọ̀n." Àǹtí, ojú ẹsẹ̀ ni mo ti kó sí i lọ́wọ́. Ọmọbìnrin tó lè bú mi kí n tó bú u, mi ò rí irú ẹ̀ rí.

Ibi tí mo ti ba ọ̀rọ̀ jẹ́ rèé. Àwòrán bàbá ẹ̀ wà lára ògiri, ó gbé ẹja kan tó gùn ju tábìlì máṣíìnì lọ. Ó bi mí pé iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe. Ẹ mọ̀ mí, ẹnu mi máa ń jáde nílé kí èmi tó wọ bàtà. Mo ní, "Apẹja ni mí. Irú èyí tí bàbá ẹ gbé yẹn, kí n tó rin ẹnu láàárọ̀ ni mo máa ń pa á." Kó má baà dà bí àhesọ, mo lọ bá ẹni tó ń ta ẹja inú yìnyín, mo bẹ̀ ẹ́, mo gbé kúta ńlá kan sáyà, mo ya fọ́tò, mo dá ẹja padà sínú firíìjì. Èmi tó jẹ́ pé omi tó jìn jù tí mo tíì wọ̀ láyé ni ti ọpọ́n tẹ́ ẹ fi ń wẹ̀ mí!

Bàbá ẹ̀, wẹ́dà ni, Bàbá Wẹ́dà ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Iná tó fi ń jó irin pọ̀ ti jẹ́ kí ojú ẹ̀ pọ́n, tó bá sì sọ gbólóhùn mẹ́ta lóòjọ́, ó ti rojọ́ nìyẹn. Mo lọ fara hàn án. Ó wo fọ́tò yẹn títí, ó wá gbójú sókè wò mí. Ó ní, "Sátidé, wá bá mi lórí afárá. Ibẹ̀ ni màá ti mọ̀ bóyá o máa fẹ́ ọmọ mi tàbí o ò ní fẹ́ ẹ." Ó tán. Ẹnu mi tún ń sọ pé, "Bàbá, ẹ gbé àpò tó tóbi dání o, torí ẹja máa pọ̀."

Afárá yẹn, pákó ni. Ó wọ inú òkun lọ gbọọrọ, ó wá dúró síbẹ̀, kò dé òdìkejì. Mo bi Bàbá pé ìgbà wo ni wọ́n máa kọ́ ọ tán. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ó ti parí, pé bó ṣe máa rí nìyẹn, torí ẹja ni wọ́n ṣe ṣe é. Ìbéèrè tí apẹja ńlá kọ́kọ́ bi nìyẹn o!

Wọ́n gbé ọ̀pá ìwọ̀ kan fún mi tó ga jù mí lọ. Kẹ̀kẹ́ kékeré kan wà nídìí ẹ̀ tí wọ́n fi ń ká okùn. Èmi dì í mú, mo kọjú kẹ̀kẹ́ yẹn sókè dípò ìsàlẹ̀. Màmá kan tó ń ta ìdẹ níbẹ̀, Ìyá Ìdẹ ni wọ́n ń pè é, ó wò mí títí, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ata lo fẹ́ fi lọ̀ ni?" Mo ní bá a ṣe ń dì í mú nìyẹn níbi tí mo ti ń pẹja.

Mo ju ìwọ̀ lẹ́ẹ̀kíní. Mo fi agbára ju ú, mo gbọ́ tó ṣe fìì, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ kó bọ́ sómi lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn. Nígbà tí mo máa wojú Bàbá, orí ẹ̀ ń dán lórí afárá, fìlà ẹ̀ sì ń fò lọ lójú òkun bí ẹyẹlé. Nǹkan tí mo kọ́kọ́ fi ìwọ̀ mú láyé mi, Àǹtí, fìlà àna mi ni. Mo ká a padà wá. Bàbá yọ ìwọ̀ lára ẹ̀, ó fún omi inú ẹ̀, ó dé e bó ṣe tutù yẹn. Ó ì bá bú mi, ó ì bá sàn.

Òfin kan wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Tí ẹja ńlá bá mú ìwọ̀ ẹnì kan, onítọ̀hún á kígbe pé, "Ẹ ká okùn!" Gbogbo ayé tó wà lórí afárá á ká okùn tiwọn kúrò lómi, torí ẹja ńlá kì í dúró sójú kan, á sáré, á sì lọ́ okùn gbogbo pọ̀ bí irun wèrè. Ẹni tó bá wá kígbe lásán, òun ló máa ha ìpẹ́ ẹja gbogbo èèyàn lọ́jọ́ náà. Tó bá ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n á ní kó máa lọ sílé.

A ò tíì dúró pẹ́ tí okùn mi le gan-an. Mo fà á, kò wá. Mo tún fà á, ọ̀pá tẹ̀. Mo kígbe débi tí àwọn ẹyẹ gbéra, "Ẹ ká okùn! Ẹ ká okùn o!" Èèyàn bí ogún ká okùn. Wọ́n dúró, wọ́n ń wò mí. Mo fẹsẹ̀ ti pákó, mo tẹ̀ sẹ́yìn, òógùn bò mí. Bí ìgbì bá ti gbá, okùn á mì, èmi á ní, "Ó ń jà! Ẹ ò rí i bó ṣe ń jà!" Mo fi ogún ìṣẹ́jú gbáko bá nǹkan yẹn wọ̀yá ìjà, kó tó di pé Ìyá Ìdẹ fọwọ́ ti igi etí afárá, ó bẹ̀rẹ̀ wo ìsàlẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, òpó ni. Òpó afárá ni. Ọmọkùnrin yìí fẹ́ fa ibi tá a dúró lé wọlé."

Ẹ̀rín yẹn, Àǹtí, mi ò lè ṣàlàyé ẹ̀. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sínú korobá ẹja ẹ̀. Wọ́n sọ mí lórúkọ lójú ẹsẹ̀: Abòpójà. Bí wọ́n ṣe ń pè mí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí nìyẹn.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ha ìpẹ́. Ẹja ẹni tí mo mọ̀, ẹja ẹni tí mi ò mọ̀. Ọ̀sán ni Télọ̀ mi gbé oúnjẹ bàbá ẹ̀ dé. Ìpẹ́ wà nínú irun mi, ó wà ní ìpéǹpéjú mi, mò ń tàn yanran nínú oòrùn. Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Apẹja, kí ló dé tó jẹ́ pé ẹja ló pa ẹ́?" Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n inú mi bà jẹ́. Mo rí i pé ọwọ́ mi ti fẹ́ bọ́ lára ọmọbìnrin yìí.

Lẹ́yìn oúnjẹ, Bàbá fúnra ẹ̀ mú ẹja ṣáwá kan tó wà láàyè fún ìdẹ, ó fi ìwọ̀ mi kọ́ ọ lẹ́yìn, ó bá mi sọ ọ́ sómi jẹ́jẹ́. Mo dúró bí ìgbà tí oúnjẹ fi dà nínú mi. Lójijì ni kẹ̀kẹ́ yẹn ké fírírírí, okùn sì ń tú lọ. Òpó ò lè sáré, ìyẹn dá mi lójú. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí láti kígbe. Bí kì í bá ṣe ẹja ńkọ́? Bó bá jẹ́ igi, tàbí ọkọ̀ ojú omi ẹnì kan? Wọ́n á lé mi sílé, ó parí nìyẹn, ọmọ ọlọ́mọ ti lọ. Èmi tí wọ́n fi ariwo bí, mo pa ẹnu mọ́ bí ìgò tí wọ́n dé. Mo yí bíréèkì kẹ̀kẹ́ yẹn títí kò fi lè yí mọ́, kí nǹkan yẹn lè dúró. Okùn wá le, ó ń dún bí ẹ̀fọn, ọ̀pá tẹ̀ dé omi. Ẹja yẹn gba abẹ́ okùn ẹni tó wà lápá ọ̀tún mi kọjá, ó gba ti ẹni tó tẹ̀ lé e, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé kí ló dé. Pákó ń yọ̀ mí lẹ́sẹ̀, mò ń lọ sómi.

Ni ẹnu mi bá là fúnra ẹ̀. "Bàbá, ẹ gbà mí! Mi ò pẹja rí! Ìbòrí fóònù ni mò ń tà! Ẹja fọ́tò yẹn, inú yìnyín ni mo ti gbé e! Mi ò mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ gbà mí!" Gbogbo afárá ló gbọ́. Télọ̀ náà gbọ́.

Bàbá tí kì í sọ̀rọ̀ wá kígbe, "Ẹ ká okùn!" Ohùn ẹ̀ bí ààrá. Ó wá dúró sẹ́yìn mi, kò fọwọ́ kan ọ̀pá. Ó ní, "Tú bíréèkì yẹn díẹ̀. Má bá a jà. Tó bá ń lọ, jẹ́ kó lọ. Tó bá sinmi, ìwọ ká." Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹja yẹn mú mi rìn dé ìparí afárá, ó mú mi rìn padà, àwọn èèyàn ń gbé ọ̀pá wọn sókè kí n lè kọjá. Ìgbà tó wá rẹ̀ ẹ́, tó léfòó sísàlẹ̀ wa, mo fẹ́ fi okùn fà á gòkè, Ìyá Ìdẹ gbá mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ṣé okùn kànga nìyẹn? Ó máa já!" Òun ló ju àwọ̀n tó ní irin róbótó lẹ́nu sísàlẹ̀, òun àti Bàbá ló fa ẹja wọlé.

Kúta ni. Tẹ́ ẹ bá gbé e dúró, ó dé igbá àyà mi. Eyín ẹ̀ bí ayùn. Mo yọ fóònù kí n yà á, ó fi ìrù gbá mi lọ́wọ́, fóònù gba àárín pákó méjì kọjá, pọ̀ọ̀. Nítorí náà, ẹja tí mi ò pa ní fọ́tò, èyí tí mo pa ò ní. Ayé yìí ò dọ́gba.

Bàbá nu ọwọ́, ó wá sọ̀rọ̀ tó pọ̀ jù tí wọ́n tíì gbọ́ lẹ́nu ẹ̀. Ó ní, "Ọjọ́ fọ́tò ni mo ti mọ̀. Yìnyín wà lójú ẹja yẹn. Ṣé inú firíìjì ni òkun wà ni? Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá o máa lè sọ pé o ò mọ̀ ọ́n ṣe. Ọkùnrin tí kò lè sọ ọ́, ilé á jó mọ́ ìyàwó ẹ̀ lórí, á ní òun ń dáná ni. Tí irọ́ kan bá tún jáde lẹ́nu ẹ, má tẹ ẹnu ọ̀nà mi mọ́. Ọmọ nìyí, bi í, èmi kọ́ lo fẹ́ fẹ́."

Télọ̀ káwọ́ pọ̀, ó pòṣé tó gùn bí afárá. Ó ní, "Oṣù mẹ́ta lo fi purọ́ fún mi." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò fi nǹkan kan kún un, ẹ̀yin ẹ rò ó wò. Ó wo ìpẹ́ orí mi títí. Ó ní, "Ẹni tó bá òpó jà fún ogún ìṣẹ́jú tí kò jáwọ́, bóyá kò ní já mi jù sílẹ̀. Mú àwọn èèyàn ẹ wá ká rí wọn."

Ìdí lẹ́tà yìí nìyẹn. Àwọn òbí wa ò sí mọ́, ẹ̀yin ni ìyá, ẹ̀yin ni bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àti ọkọ yín, ẹ wá ká jọ lọ sílé Bàbá Wẹ́dà ní Sọ́ńdè tó kẹ́yìn oṣù yìí, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹ wọ aṣọ aláwọ̀ ewé yẹn tó máa ń jẹ́ kẹ́ ẹ dà bí ìyàwó ọ̀gá. Tí wọ́n bá sọ fún yín pé mo bá òpó jà, ẹ ní kí wọ́n sọ ti kúta pẹ̀lú. Ẹ bi gbogbo afárá léèrè, kò sẹ́ni tó pa tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ọlọ́run á mú yín gúnlẹ̀ láyọ̀. Ohun rere tẹ́ ẹ bá ju ìwọ̀ sí, ọwọ́ yín á tẹ̀ ẹ́, okùn yín ò ní já. Ẹ ó pẹ́ fún wa.

Èmi ni,
Àbúrò yín kan ṣoṣo, apẹja.

Ọ̀rọ̀ tó kù: Àǹtí mi, ẹ má tíì ká lẹ́tà. Irọ́ kan ló kù tí mi ò ráyè jẹ́wọ́ lórí afárá, ẹja ò gbà mí láyè. Lọ́jọ́ tí Bàbá kọ́kọ́ bi mí nípa ìdílé wa, mo sọ pé èmi ni àkọ́bí, pé ẹ̀yin ni àbúrò mi, pé èmi ni mo pọ̀n yín dàgbà. Màá sọ òótọ́ fún un ní Sátidé tó ń bọ̀, mo ti búra. Ṣùgbọ́n tí ẹnu mi bá kọ̀, tẹ́ ẹ bá dé ibẹ̀ tẹ́ ẹ rí i tí Bàbá ń wojú yín tó tún ń wojú mi, ẹ gbàgbé gbogbo ohun tí mo ti ṣe sí yín, ẹ kúnlẹ̀ kẹ́ ẹ pè mí ní bọ̀dá lẹ́ẹ̀kan péré. Màá tètè gbé yín dìde.