Fọ́ọ̀mù Tí Mo Bá Ọ Kọ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé ara le, ṣé àwọn ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ ò dà ọ́ láàmú? Tí o bá bi wá, àwa náà wà, ìyá rẹ wà, orókún mi nìkan ló ń bá mi ṣọ̀tá, ṣùgbọ́n orókún kì í pa èèyàn. Ọlọ́run tó jẹ́ ká rí òní á jẹ́ ká fojú kan ara wa láìpẹ́. Má bínú pé ìwé ni mò ń kọ, mi ò pè ọ́ lórí fóònù, wàá gbọ́ ìdí rẹ̀ níwájú.

Lọ́jọ́ Ẹtì ni olùkọ́ tó fẹ̀yìn tì mú ìwé ìròyìn wá hàn wá. Ó ní wọ́n fún ọ ní àmì-ẹ̀yẹ olóòótọ́, pé nínú gbogbo ẹ̀yin aṣọ́bodè, ìwọ lo tú kọ̀ńténà tí wọ́n pè ní aṣọ àlòkù, tí o bá oògùn ayédèrú nínú rẹ̀, tí àwọn tó ni ẹrù náà gbé owó fún ọ tí o ò gbà. Mo ní kó tún un kà. Mo wá bi í pé kí ni wọ́n fún ọ dípò owó tí o ò gbà, ó ní dígí. Mo wò ó nínú àwòrán, dígí ni lóòótọ́, o fọwọ́ méjèèjì dì í mú. Mo lọ sí báńkì lọ́jọ́ náà gan-an láti bi ọmọbìnrin ìdí kántà bóyá dígí lè bímọ bí owó ṣe ń bímọ lọ́dọ̀ wọn, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi pe ẹnìkejì rẹ̀ wá. Tí báńkì tìrẹ náà ò bá gbà á, jọ̀ọ́ wọ̀n ọ́n, kí o kọ ìwọ̀n rẹ̀ ránṣẹ́, torí fèrèsé yàrá ìyá rẹ ti fọ́ láti ìgbà òjò.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló bá wa yọ̀. Káfíńtà ẹ̀gbẹ́ ilé wa gbójú sókè wo ibi tí òrùlé wa ti ń jò, ó ní àwọn tọ́mọ wọn ń ṣe aṣọ́bodè ti kọ́lé alájà, pé ṣé ibodè ọ̀run ni tìẹ ń ṣọ́ ni. Mo ní òótọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni wọ́n fi ń ra èké, kó máa lọ. Inú bí mi, mi ò purọ́. Ìyá rẹ ò tiẹ̀ bínú, ohun tó sọ ni pé ẹni tó bá ṣe ohun tẹ́nìkan ò ṣe rí, ojú rẹ̀ á rí ohun tẹ́nìkan ò rí rí. Mo ní kó fi irú òwe bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ ayọ̀.

Àná, ọjọ́ Àbámẹ́ta, ni ọkùnrin méjì fi ọkọ̀ dúdú wá, wọ́n wọ kóòtù, wọ́n kí wa dáadáa. Wọ́n ní ọ́fíìsì àwọn tó fún ọ ní dígí ló rán àwọn, pé ó ku ìdajì àmì-ẹ̀yẹ náà, àwọn fẹ́ gbé e wá bá ọ nílé láìjẹ́ pé o gbọ́ sí i tẹ́lẹ̀. Wọ́n mú fọ́ọ̀mù jáde. Ọmọ mi, láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, èmi ni mo máa ń tò nítorí fọ́ọ̀mù, kò sí èyí tó wá bá mi nílé rí. Mo fi awò sójú, mo jókòó dáadáa.

Èyí tó ga nínú wọn ní kí n má fo ìbéèrè kankan, kí n má sì parọ́, torí àmì-ẹ̀yẹ òótọ́ ni, tí wọ́n bá rí irọ́ kan ṣoṣo wọ́n á gba ti tẹ́lẹ̀ padà lọ́wọ́ rẹ. Ìyẹn bà mí lẹ́rù. Mo ní ọmọ tó kọ owó rẹpẹtẹ torí òótọ́, kò ní jẹ́ pé bàbá rẹ̀ ló máa bà á jẹ́. Wọ́n béèrè àdúgbò rẹ, mo kọ ọ́, mo kọ nọ́ńbà ilé, mo kọ pé àjà kejì ni, ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé. Wọ́n béèrè aago tí o ń dé láti ibi iṣẹ́. Wọ́n béèrè bóyá ẹnìkan ń bá ọ gbé, ó ń ṣe mí bíi kí n kọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n má bàa rò pé a ò bá ọ sọ̀rọ̀ ọkọ, ṣùgbọ́n mo rántí ọ̀rọ̀ irọ́, mo kọ pé ìwọ nìkan ni. Wọ́n béèrè bóyá ajá wà nínú ọgbà. Mo ní kò sí, pé o ò fẹ́ràn ajá láti kékeré, mo tiẹ̀ sọ ọjọ́ tí ajá gé ọ jẹ fún wọn, wọ́n fara balẹ̀ gbọ́ ọ.

Kí wọ́n tó lọ, ọ̀kan gba fóònù mi, ó ní ó ti rẹ fóònù náà, ó bá mi yọ káàdì kékeré inú rẹ̀ kó lè sinmi, pé òun á fi tuntun ránṣẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nọ́ńbà rẹ wà nínú káàdì yẹn, a ò sì kọ ọ́ síbòmíràn.

Ìyá rẹ ò tíì jẹun láti àná. Ó ní kí ló kan ajá nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀yẹ. Mo ní bóyá wọn ò fẹ́ kí ajá fa ẹ̀bùn náà ya. Ó ní ṣé ẹni tó ń gbé ẹ̀bùn bọ̀ ló ń béèrè bóyá èèyàn ń dá gbé. Mo ní kó lọ jẹun ná. Ẹ̀rù ti ń ba èmi náà, mi ò kàn fẹ́ kó mọ̀ ni.

Ó fẹ́ wá wò ọ́. Tí nǹkan díẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ, bá wa fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, ó ní ti àlọ nìkan ti tó. Awakọ̀ tí mo fẹ́ fún ní ìwé yìí ò ní gbéra àfi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn ọkùnrin yẹn sì ní ọ̀la, ọjọ́ Ajé, làwọn ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ. Ìyá rẹ ní kí n kọ ọ́ pé kí o má ṣílẹ̀kùn. Mo ti kọ ọ́.

Ọlọ́run á ṣọ́ àlọ rẹ, á ṣọ́ àbọ̀ rẹ, kò ní jẹ́ kí ọ̀tá mọ ọ̀nà ilé rẹ. Ibí yìí ni mo kà á dé sétígbọ̀ọ́ ìyá rẹ tó fi bú sẹ́kún, ó ní ta ló kọ ọ̀nà ilé náà fún wọn. Jọ̀ọ́, ọmọ mi, ṣe àmín sí i.

Èmi ni,
Bàbá rẹ