Ẹ Jẹ́ Kí N Yà ní Kánò

Yàrá Kejìlá, Họ́sítẹ̀lì Obìnrin,
Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ọ̀gbìn Òkè-Àlà,
Ìkọ̀lé-Èkìtì,
Ìpínlẹ̀ Èkìtì.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún, Oṣù Kẹwàá, 2025.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Ìrìn-àjò Akẹ́kọ̀ọ́,
Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ọ̀gbìn Òkè-Àlà,
Ìkọ̀lé-Èkìtì.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ÌBÉÈRÈ PÉ KÍ ÌGBÌMỌ̀ TÚN ÒFIN KẸRIN WÒ, KÍ A LÈ WỌ ÌLÚ KÁNÒ NÍGBÀ TÍ A BÁ Ń DÚRÓ DE ỌKỌ̀ ÒFUURUFÚ KEJÌ

1. Orúkọ mi ni Inúmidùn Morákinyọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìn-ín-ní ní Ẹ̀ka Ìmọ̀ Ilẹ̀. Mo wà lára àwọn mẹ́fà tí yóò ṣojú kọ́lẹ́ẹ̀jì wa níbi ìdíje àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀gbìn ní Káírò lóṣù tó ń bọ̀. Títí di òní, mi ò tíì mọ bí orúkọ mi ṣe bọ́ sáàárín wọn, ẹ̀rù sì ń bà mí pé lẹ́tà yìí lè mú kí ẹ yọ ọ́ kúrò. Peace tí a jọ ń gbé yàrá ní kí n pa ẹnu mi mọ́ títí a ó fi lọ tí a ó fi bọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá dákẹ́, àwọn àgbàlagbà méjì ni yóò jìyà ìdákẹ́ mi. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ̀wé.

2. Gẹ́gẹ́ bí ìwé tí ẹ pín fún wa, ọkọ̀ òfuurufú yóò gbé wa láti Èkó, yóò sì sọ̀ wá kalẹ̀ ní Kánò láàárọ̀. Èyí tí yóò gbé wa lọ sí Káírò kò ní gbéra títí di alẹ́. Òfin kẹrin ní kí gbogbo wa jókòó sí gbọ̀ngàn ìdúró ní pápákọ̀ òfuurufú, kí ẹnikẹ́ni má sì jáde, àfi ẹni tó bá fẹ́ rí ẹbí rẹ̀.

3. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo kọ ìwé kékeré sí ọ́fíìsì yín pé mo fẹ́ yà "kí ulé" ní Kánò. Akọ̀wé fi bírò pupa fa ilà sí i, wọ́n kọ "ilé" sí orí rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: "Odò-Ọrọ̀ ni ilé rẹ. O kò ní ẹbí ní Kánò. A kò sì fẹ́ ẹni tí yóò lọ gbé ẹrù bọ̀." Mo gba àtúnṣe yẹn. Ulé ni a ń pè é lẹ́nu wa, ó sì yẹ kí n rántí pé ìwé ni mo ń kọ. Gbólóhùn mẹ́ta tó tẹ̀lé e ni mo fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ yín pé kí ẹ bá mi gbé yẹ̀ wò.

4. Nípa ilé: lóòótọ́, ọmọ Odò-Ọrọ̀ ni bàbá mi, Ọ̀gbẹ́ni Bámidélé Morákinyọ̀. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ rélùwéè ni bàbá tó bí wọn, Kánò ni wọ́n bí wọn sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì bí èmi sí. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí ilé-iṣẹ́ tí bàbá mi wà kógbá sílé, tí a kó ẹrù wa bọ̀ wá sí Èkìtì. Mo rántí ọjọ́ tí bàbá mi fà mí lọ́wọ́ gun Òkè Dálà, tí wọ́n fi òrùlé alámọ̀ tó tẹ́ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní hàn mí, tí wọ́n ní ìlú yìí ti dàgbà kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tí ń jẹ́ ojú irin. Mo rántí ọyẹ́ tí í bó ètè, àti òrí tí ìyá mi máa ń fi pa á. Títí di ìsinsìnyí, bí ọyẹ́ bá kọ́kọ́ fẹ́ dé Ìkọ̀lé, kí n tó lajú láàárọ̀, Kánò ni mo máa ń rò pé mo sùn sí.

5. Nípa ẹbí: ẹni tí mo fẹ́ lọ kí ni Hájíà Làmí, tí ògiri ilé wọn àti tiwa jẹ́ ọ̀kan náà lẹ́bàá àdúgbò Fágè. Ẹ̀jẹ̀ kò pa wá pọ̀. Haúsá ni wọ́n, mùsùlùmí sì ni wọ́n. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni àwa. Ṣùgbọ́n kò sí Iléyá tí ẹran kò gba orí ògiri náà wọlé wa, kò sì sí Kérésìmesì tí n kò gbé abọ́ ìrẹsì lọ fún wọn. Ìyá bàbá mi, Màmá Elizabeth, a máa hun kíjìpá nídìí ògiri yẹn. Hájíà á jókòó tì wọ́n, wọ́n á ní aṣọ Èkìtì yìí mà nípọn, ràkúnmí ni kí wọ́n lọ fi di ní gàárì. Màmá á ní kí wọ́n lọ gbé ràkúnmí náà wá kí àwọn fi okùn wọn ẹ̀yìn rẹ̀.

6. Lọ́sẹ̀ tí a fẹ́ kúrò, Màmá gbé kíjìpá funfun kan lọ sí ibi kòtò aró àtijọ́ ní Kófà Mátà, kí wọ́n bá wọn rẹ ẹ́ ní aró. Kò tíì tán tí ọkọ̀ akẹ́rù wa fi dé. Hájíà ló bá wọn gba aṣọ náà, ó sì wà lọ́wọ́ wọn di òní. Gbogbo ọdún ni wọ́n ń pe ara wọn lórí fóònù. Màmá á ní, "Ahun, fi aṣọ mi ránṣẹ́!" Hájíà á fi Yorùbá tiwọn dáhùn pé, "Aṣọ ò lẹ́sẹ̀. Ẹ̀yin lẹ lẹ́sẹ̀. Ẹ wá." Màmá ti fi awakọ̀ ránṣẹ́ rí, Hájíà kò gbé aṣọ náà fún un. Nígbà tí mo kéré, mo rò pé ìjà ni. Nísinsìnyí, orúnkún Màmá kò jẹ́ kí wọ́n gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, ojú Hájíà sì ti ń ṣú. Hájíà ní ẹni tí yóò bá wá kó tètè wá, kí àwọn lè rí i.

7. Nígbà tí mo sọ fún Màmá pé Kánò ni a ó gbà, wọ́n di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní, "Inúmidùn, bí o bá gba Kánò kọjá tí o ò yà, má yà lọ́dọ̀ mi mọ́ bí o bá ti Káírò dé." Wọn kò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, Ọ̀gá: ẹni tó ń ti Ìjẹ̀ṣà-Iṣu lọ sí ọjà Ìkọ̀lé kì í gba ẹnu ọ̀nà ojúlùmọ̀ kọjá láìkí wọn kú ilé, bó ti wù kí ẹrù orí rẹ̀ wúwo tó. Ọ̀mọ̀wé Ọláníyì tí yóò kó wa lọ dá a lábàá pé kí Hájíà wá bá mi ní pápákọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò gbà á láti jẹ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Arìnrìn-àjò ni í yà. A kì í ránṣẹ́ pe àgbà wá sí etí ọ̀nà.

8. Kì í ṣe èmi nìkan ni mo ń tọrọ fún. Sàní ọmọ Hájíà ní bọ́ọ̀sì, ó sì ti ṣèlérí láti dúró dè wá. Àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà àti Ọ̀mọ̀wé Ọláníyì lè kọ́kọ́ lọ wo kòtò aró nígbà tí oòrùn kò tíì mú, kí a wo ohun tó kù nínú odi ìlú, kí a jẹun nílé Hájíà, kí a sì padà sí pápákọ̀ nígbà tí ilẹ̀ ṣì mọ́ kedere. Àwa tí a ń kọ́ ìmọ̀ ilẹ̀, odi amọ̀ ayé àtijọ́ yẹ kó kọ́ wa ju àga gbọ̀ngàn ìdúró lọ. Mo gbà pé ọ̀nà lè ti dàrú mọ́ mi lójú, nítorí ojú ọmọdé ni mo fi mọ̀ ọ́n; ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ Sàní. Bí ẹ kò bá lè yọ̀ǹda gbogbo wa, ẹ jẹ́ kí Ọ̀mọ̀wé mú èmi nìkan dé ilé Hájíà. N ó gbàgbé kòtò aró.

9. Nípa ẹrù: mo fi èyí sẹ́yìn nítorí èmi fúnra mi rò pé aṣọ náà ni wọ́n ń rán mi lọ gbà. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo bi Màmá léèrè bí ó ṣe wúwo tó, kí n lè mọ ohun tí n ó yọ kúrò nínú báàgì mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi nu ojú. Wọ́n ní, "Ta ló ní kí o gbé e bọ̀? Jẹ́ kí Hájíà fọwọ́ pa ojú rẹ. Tú aṣọ náà, kí o wò ó, kí o tún un ká, kí o fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Bí o bá gbé e bọ̀, kí la ó tún máa wí pé a fẹ́ lọ gbà?"

10. Nítorí náà, Ọ̀gá, mo ń fi dá Ìgbìmọ̀ lójú pé kò sí ẹrù kankan tí n ó gbé jáde ní Kánò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí èsì yín tó mi lọ́wọ́ kí n tó tún lọ sí Odò-Ọrọ̀, nítorí mi ò tíì mọ ẹsẹ̀ tí n ó fi wọlé tọ Màmá.

Ẹ ṣeun tí ẹ fi sùúrù kà á dé ìparí.

Èmi ni tiyín tí ń retí ọ̀rọ̀ yín,

Inúmidùn Morákinyọ̀,
Akẹ́kọ̀ọ́ Ọdún Kìn-ín-ní, Ẹ̀ka Ìmọ̀ Ilẹ̀.